Ọjọ́ Tí Mo Gbá Ọ̀gá Mi Lọ́wọ́ Lórí Ọ̀sà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ wa ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Kì í ṣe pé n kò rí bàlúù rí o. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá nínú háńgà, ilé gàgàrà tí a ń tọ́jú bàlúù sí, dúró gogoro lórí nǹkan méjì tó gùn gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú omi. Ó wá dà bí ọmọdé tó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá rẹ̀. Bàtà gan-an ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe nǹkan méjì náà. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, inú rẹ̀ ṣófo, òun ni kì í jẹ́ kí bàlúù rì tó bá bà sórí omi. Táyà kéékèèké wà lábẹ́ bàtà yìí. Tí a bá fẹ́ bà sórí ilẹ̀, a ó jẹ́ kí táyà jáde. Tí a bá fẹ́ bà sórí omi, a ó fà á wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ táyà yìí, nítorí díẹ̀ ló kù kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá Ayédùn ni awakọ̀ àgbà níbẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, etí omi ni wọ́n ti dàgbà, orí wọn ti funfun, wọn kì í sì í pariwo. Mo kúnlẹ̀ kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ògbómọ̀ṣọ́, sà. Àmọ́ Agége ni wọ́n bí mi sí."

"Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Rárá, sà."

"O ò lè lúwẹ̀ẹ́, o wá fẹ́ wa bàlúù orí omi."

"Bàlúù ni mo fẹ́ wà, sà. Mi ò fẹ́ lúwẹ̀ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn bàbá yẹn.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó gbéra ní Ìkẹjà lórí táyà bí àwọn bàlúù yòókù, a ó fò lọ sórí ọ̀sà, a ó sì bà sórí omi nítòsí erékùṣù tàbí abúlé tí oníbàárà wa ń lọ. Àwọn tó ní oko ẹja ni, àwọn tó kọ́lé sí òdìkejì omi, nígbà mìíràn aláìsàn tí kò sí dókítà nítòsí rẹ̀. Ohun tó ṣòro ni omi fúnra rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n da ọ̀dà sí ní Ìkẹjà kì í yí padà. Bí o ṣe bá a lánàá lo máa bá a lónìí. Omi ò rí bẹ́ẹ̀. Lónìí àwọ̀n apẹja wà níbẹ̀, lọ́la òṣíbàtà ti bò ó, lọ́tùn-únla igi gẹdú kan á máa léfòó lọ jẹ́jẹ́, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Nítorí náà, a máa ń yí po lókè ná, ká wo ojú omi dáadáa, kí a tó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbì ló ń bà wá lẹ́rù. Kì í ṣe ìgbì, a máa ń rí ìyẹn. Omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ló yẹ kí awakọ̀ bẹ̀rù. Omi dígí ni Ọ̀gá Ayédùn ń pè é. Tí kò bá sí atẹ́gùn, ojú ọ̀sà á mọ́ gaara, wàá máa rí àwọsánmà nínú rẹ̀, ojú rẹ kò sì ní lè sọ fún ọ bóyá omi ti sún mọ́ tòsí tàbí ó ṣì jìn. Ẹlòmíràn á rò pé òun ti dé ojú omi nígbà tó ṣì ga bí òrùlé ilé, bàlúù á sì já lulẹ̀. Ẹlòmíràn á fi imú gún omi. "Wá nǹkan tí o mọ bó ṣe tóbi tó," ni Ọ̀gá máa ń sọ. "Wá ọkọ̀ apẹja, kí o wo èèyàn inú rẹ̀. Ìyẹn láá sọ ibi tí omi wà fún ọ."

Gbígbéra kúrò lórí omi dígí náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Ó máa ń di bàtà mú bí ẹrẹ̀ ṣe ń di sálúbàtà mú. Bàlúù á sáré, á sáré, kò ní gbéra. A ó wá máa yí po lórí omi láti fi ọwọ́ ara wa dá ìgbì sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè wọ abẹ́ bàtà. Ẹsẹ̀ kan á kọ́kọ́ kúrò lómi, èkejì á tẹ̀lé e. Alhájà kan tó kọ́kọ́ bá wa lọ rò pé a ti ṣìnà. "Ẹ̀yin awakọ̀, ṣé ọ̀nà ló pòórá mọ́ yín lójú ni?" Ọ̀gá dá wọn lóhùn láìbojú wẹ̀yìn pé, "A ń jí omi ni, Alhájà. Ó ti sùn lọ." Alhájà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà, wọn ò sì dákẹ́ títí a fi fò.

Mùfú ni mẹkáníìkì tó ń tọ́jú bàtà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan náà ni òun àti ìyá mi ń ṣe ní Agége. Kò sí bàtà bàlúù tí kì í jò, bó ti wù kó kéré mọ, nítorí náà láràárọ̀ ni Mùfú máa ń ti rọ́bà bọ ihò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fa omi inú rẹ̀ jáde. Tó bá rí ibi tó ti lu, á tú irin rẹ̀, á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe irin bàlúù ní Àgídìngbì, kò sì ní kúrò lórí wọn títí wọ́n á fi ṣe é tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọwọ́ Mùfú mọ́ nídìí iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń jò tí a ò rí ẹni bá wa dí i.

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni Ọ̀gá Ayédùn kọ́ mi ní òfin kan tó jẹ́ tiwọn nìkan. Wọ́n ní, "Tó o bá gbàgbé táyà sínú tó o wá bà sórí ilẹ̀, bàtà á ha ilẹ̀, ojú á tì ọ́, ó parí. Àmọ́ tó o bá bà sórí omi tí táyà wà níta, omi á gbá táyà mú, bàlúù á takìtì, á dojú dé. Inú omi la ó ti so rọ̀ sórí bẹ́líìtì, orí nísàlẹ̀." Nítorí náà, kí bàtà tó kan omi, awakọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ wo dígí tó wà lápá ìyẹ́, èyí tí a fi ń rí abẹ́ bàtà, kó sì sọ ohun tó rí. Tí ọ̀gá ò bá dáhùn, tàbí tó bá ń jiyàn, kó gbá ọwọ́ ọ̀gá kúrò lórí irin tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, kó ti irin náà síwájú, kí bàlúù padà sókè.

"Ṣé kí n gbá yín, sà?"

"Gbá mi dáadáa."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó ni, sà?"

"Ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, tó o bá fẹ́ sọ fún àgbà pé ó ṣe àṣìṣe, wàá kọ́kọ́ kí i, wàá tọrọ àforíjì, wàá wá fi òwe bẹ̀rẹ̀. Kó o tó dórí ọ̀rọ̀, a ti rì."

Bó ṣe di ohun tí a ń fi dánra wò láràárọ̀ nìyẹn. A ó jókòó sínú bàlúù nínú háńgà, Ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé irin, wọ́n á ní, "Gbá mi." Èmi á wá fọwọ́ kàn wọ́n bí ẹni ń lé eṣinṣin kúrò lára ọmọ tó ń sùn, màá sì sọ pé ẹ má bínú, sà. Mùfú àti àwọn yòókù á pagbo yí wa ká, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ ìyá mi kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Aṣọ ni ìyá mi ń rán ní Agége, àwa ọmọ wọn kò sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ òsì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àgbà, ká má tíì sọ pé a fẹ́ fi gbá a. Ọwọ́ òsì sì ni ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìjókòó apá ọ̀tún ni tèmi, irin náà wà láàárín èmi àti Ọ̀gá.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, Olóyè kan la gbé. Oníbàárà wa tó tóbi jù ni wọ́n. Wọ́n ní oko ẹja ńlá lápá Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀yìn wa gan-an ni wọ́n jókòó sí, wọ́n gbé ohun ìgbọ́rọ̀ sétí kí wọ́n lè máa bá wa tàkúrọ̀sọ. Bí a ṣe gbéra ní Ìkẹjà báyìí, àwòdì kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà odò ẹran Agége já gba iwájú wa. Ọ̀gá tẹ bàlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a yẹ àwòdì náà. Olóyè ké. Àwọn tó ń darí bàlúù láti orí ilé gogoro ń bi wá ní ìbéèrè, èmi ń dá wọn lóhùn, Ọ̀gá ń fi Olóyè lọ́kàn balẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kí ọwọ́ Ọ̀gá lọ fa táyà wọlé. Ọwọ́ náà kò lọ.

A dé orí ọ̀sà, omi dígí ló pàdé wa. Kò sí ewé tó mì. Ọ̀gá rí apẹja kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ń sọ bàlúù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wo dígí apá ìyẹ́. Táyà wà níta, ó so rọ̀ sábẹ́ bàtà.

"Ọ̀gá, táyà wà níta."

"Ó ti wọlé," ni wọ́n dáhùn, ojú wọn kò kúrò lára apẹja.

"Ó wà níta, sà."

Olóyè ń sọ ìtàn àwòdì kan tó gbé òròmọdìẹ ìyá wọn nígbà èwe, ẹ̀rín wọn kún etí wa. Ọ̀gá ò dá mi lóhùn mọ́. A ti sún mọ́ omi débi pé mo ń rí fìlà apẹja náà àti ibi tó ti ya. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́, àmọ́ omi kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, ìyá mi ni. Mo gbé ọwọ́ òsì mi sókè, mo fi gbá ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá Ayédùn, ó dún gbàà. Mo ti irin náà síwájú. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, apẹja dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀ rẹ̀, àwa sì padà sókè.

Ọ̀gá wo dígí tó wà lápá tiwọn. Wọ́n fa táyà wọlé, àwa méjèèjì wò ó, mo ní, "Ó ti wọlé," wọ́n ní, "Ó ti wọlé," a yí po, a sì bà sórí omi wọ́ọ́rọ́wọ́.

Olóyè ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán ní èbúté tí wọ́n fi kọjú sí mi.

"Mo rí ẹ. O gbá àgbàlagbà tó lè bí ẹ lọ́mọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ọwọ́ òsì pàápàá. Ta ló bí ẹ?"

Mo kúnlẹ̀ lórí pákó èbúté. Mo ń retí kí Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ń so okùn bàlúù, kókó tí wọ́n ta ń tú, wọ́n ń tún un ta. Ohun tí wọ́n sọ ò ju, "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná." Olóyè gbà pé sùúrù àgbà ni. Táyà tó lè jẹ́rìí mi sì ti wọlé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí mọ́. Ojú mi níbẹ̀ ni Olóyè ti pe Mádàámù tó ni ilé iṣẹ́ wa lórí fóònù, wọ́n ní tí ọmọbìnrin yìí bá ṣì wà nínú bàlúù, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn á máa wọ̀. Kí a tó padà dé Ìkẹjà, Mádàámù ti pàṣẹ pé kí n lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi pè mí.

Inú bí mi sí Ọ̀gá, n kò ní fi bò. Ní gbogbo ọ̀nà tí a gbà padà bọ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n bá mi sọ. Mo mọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Awakọ̀ tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tó bá lè sọ pé òun gbàgbé táyà, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má tún fò mọ́ láyé. Mo mọ tèmi náà. N kò mọ ilé iṣẹ́ mìíràn nítòsí tó ní bàlúù orí omi, tí mo bá sì lọ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń lu ọ̀gá rẹ̀, ta ni yóò gbà mí? Mo lè pe Mádàámù kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọn yóò ti gbọ́ pé Ọ̀gá Ayédùn ti ń gbàgbé nǹkan. Mo jókòó sílé, mo ń bá ìyá mi rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ.

Mo ti sọ fún yín nípa ẹnu Mùfú. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n wọlé dé, wọn ò tú gèlè.

"Ríṣí, ṣé òótọ́ ni pé o gbá ọ̀gá yín?"

"Òótọ́ ni, mà, àmọ́..."

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì, mà."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé táyà, mo ṣàlàyé omi, kò sí èyí tó wọ̀ wọ́n létí. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé àwọn gbọ́dọ̀ lọ bẹ bàbá náà kí ọ̀rọ̀ tó di ohun tí a ò lè tún ṣe mọ́. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ lèmọ́mù ládùúgbò, wọ́n ra iṣu àti ọsàn, wọ́n ní kí Mùfú wá fọ̀nà hàn wá. Bí a ṣe há ara wa mọ́ inú kẹ̀kẹ́ nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a forí lé ilé Ọ̀gá ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè.

Ìyàwó Ọ̀gá ló ṣílẹ̀kùn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n fi ọ̀yàyà gbà wá, àmọ́ ojú wọn fi hàn pé wọn ò mọ ohun tí a bá wá. Ọ̀gá jáde láti yàrá, bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n dúró. Lèmọ́mù túnra mú, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣe ìṣe ọmọdé, àgbà a sì ṣe ìṣe àgbà. Ìyá mi ò dúró gbọ́ òwe kejì. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fà mí lọ́wọ́, èmi náà kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Ọ̀gá wí.

"A ò ní dìde, sà, àfi tẹ́ ẹ bá darí jì í," ni ìyá mi dáhùn. "Bí mo ṣe tọ́ ọ kọ́ nìyí."

"Kí lẹ fẹ́ darí jì í?" ni ìyàwó Ọ̀gá bi ọkọ wọn.

Ọ̀gá Ayédùn wo ìyàwó wọn, wọ́n wo ìyá mi. Wọ́n wá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, bí orúnkún ṣe ń dùn wọ́n tó.

"Ìyá, èmi ni mo gbàgbé táyà síta. Ọmọ yín sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo jiyàn. Ó sọ lẹ́ẹ̀kejì, mi ò gbọ́. Ká ní ẹnu nìkan ló lò, opó lẹ̀ bá bá nínú ilé yìí lónìí. Ẹ̀yin náà ì bá sì máa sunkún ọmọ."

Ìyàwó Ọ̀gá fi ọwọ́ di àga mú.

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ ń jẹun níwájú mi láti Ọjọ́bọ̀, ẹ ò sọ ọ́."

"Ojú ló ń tì mí."

"Ojú ń tì yín, ọmọ ọlọ́mọ wá jókòó sílé."

Ọ̀gá ò jiyàn. Wọ́n ní kí Mùfú bá àwọn gbé fóònù. Orí ilẹ̀ tí wọ́n jókòó sí náà ni wọ́n ti pe Mádàámù, wọ́n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọn ò yọ, wọn ò fi kún un. Wọ́n pe Olóyè, wọ́n sọ fún àwọn náà. Gbogbo ìbínú mi yọ́. Mo fẹ́ràn bàbá náà lọ́jọ́ yẹn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì sunkún láìtijú lójú gbogbo wọn.

Mádàámù ní kí Ọ̀gá dúró ná, kí dókítà àti àwọn tó ń dán awakọ̀ wò tún wọn yẹ̀ wò. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ wọ́n yege, wọ́n sì ń fò títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Olóyè ò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, n kò sì retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ bàlúù wa ni wọ́n máa ń bèèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ríṣí, táyà ńkọ́?" kódà nígbà tí a kò tíì kúrò ní háńgà. Ìjókòó apá òsì ti di tèmi báyìí. Mo ń kọ́ àwọn tó ń jókòó sí ọ̀tún mi ní òfin Ọ̀gá Ayédùn, wọ́n á máa fọwọ́ kàn mí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, mà," èmi náà á sì máa jágbe mọ́ wọn bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rántí jù ni ìgbà tí a ń kúrò nílé Ọ̀gá lọ́jọ́ Àìkú náà. Mùfú àti lèmọ́mù ti ṣíwájú láti wá kẹ̀kẹ́. Ìyá mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì. Wọ́n wá mú ọwọ́ òsì mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń yẹ aṣọ tó fẹ́ rà wò.

"Ríṣí."

"Mà."

"Tí bàbá yẹn bá tún gbàgbé, gbá wọn."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Gbá wọn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá wá ti délẹ̀, kó o kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n."